Ta ló ni ọkọ̀ yìí gan-an? Bí a ṣe ń yẹ ìwé ọkọ̀ àlòkù wò kí a tó sanwó

Ní oṣù keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kéde pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró lójú pópó láti béèrè ìwé CMR tuntun, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tí à ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ní kí ìgbésẹ̀ náà dúró ná. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí à ń gbé Àbújá lójú. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Kubwa, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní Nyanya àti Lugbe, ohun kan náà ni mò ń gbọ́: ṣé ìwé ọlọ́pàá ló ń fi hàn pé ọkọ̀ jẹ́ tẹni ni, àbí èyí tí VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú pópó, ń béèrè, àbí ti aṣọ́bodè? Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè yìí, nítorí pé iléeṣẹ́ ìjọba mẹ́rin, ó kéré tán, ló ń fọwọ́ kan ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun kì í mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, nítorí pé ẹni tó tà á fún un ló ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀. Orí ẹni tó ń ra àlòkù ni ẹrù náà wà, bẹ́ẹ̀ owó àjọ, owó kọ́píráètìfù tàbí owó ìfẹ̀yìntì ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a jọ tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ni ìtumọ̀ àwọn orúkọ tí à ń gbọ́?

Oríṣi ọkọ̀ àlòkù méjì ló wà lọ́jà wa. Tòkunbọ̀ ni èyí tí wọ́n ti lò ní òkè òkun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò tíì ní nọ́ńbà Nàìjíríà. Èkejì ni èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí, tó ti ní nọ́ńbà, tó sì ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìwé ọkọ̀ lápapọ̀ ni à ń pè ní pátíkúlà. Àwo nọ́ńbà ni irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fi fún ènìyàn. Ní Àbújá, DRTS, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìrìnnà ojú pópó, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, àwọn náà sì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí VIO. Bí ẹ bá rí KUJ lára àwo nọ́ńbà, ti Kuje ni. BWR sì jẹ́ ti Bwari, tí Kubwa wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwo nọ́ńbà ṣe é tú pẹ̀lú sukurudiráfà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ara nọ́ńbà ṣaṣí ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí nọ́ńbà ṣaṣí fi ṣáájú ìwé?

Nọ́ńbà ṣaṣí, tí àwọn mìíràn ń pè ní VIN, dà bí ilà ojú. Ènìyàn lè pààrọ̀ aṣọ, ó lè pààrọ̀ orúkọ, ó sì lè kó lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ilà tí wọ́n kọ fún un ní kékeré yóò máa bá a rìn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló kọ nọ́ńbà yìí sí i lára, ọkọ̀ méjì kì í sì í jẹ́ ẹyọ kan náà. Láti ọdún 1981 ni ó ti di àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ ara wọn.

Àmì wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń kà wọ́n. Lẹ́tà mẹ́ta kì í sí níbẹ̀ láé, àwọn ni I, O àti Q, kí wọ́n má baà jọ 1 àti òdo. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn nínú nọ́ńbà ṣaṣí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, yálà ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe àṣìṣe, tàbí ó ń hùmọ̀ ohun tí kò sí. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀: J jẹ́ Japan, W jẹ́ Jámánì, 1, 4 àti 5 jẹ́ Amẹ́ríkà, 2 sì jẹ́ Kánádà. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà àti Kánádà, tó pọ̀ gan-an nínú tòkunbọ̀ wa, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ náà. 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé H, tó jẹ́ 2017, kí ó tó fo I kọjá sí J fún 2018.

Ẹ ó rí nọ́ńbà náà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní igun ìsàlẹ̀ lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó tún rí i lórí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì tún ní i lára irin lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ibi wọ̀nyí gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ bá wọn sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Aládùúgbò mi kan ní Kubwa, ìyá tó ń ta aṣọ òkè àti léèsì, pè mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú wo Corolla kan kí n tó sanwó." Dílálì tó mú ọkọ̀ náà wá kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kó ìwé jáde nínú àpò ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní ọkọ̀ ọdún 2013 ni. Mo tan iná fóònù mi sí abẹ́ gíláàsì, mo sì ní kí ìyá náà máa ka ti inú ìwé sókè bí mo ti ń fi ìka tọ ti ara ọkọ̀, àmì kan tẹ̀lé òmíràn. Ọ̀rọ̀ wa ṣọ̀kan títí dé àmì kẹjọ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Nígbà tí a dé ìkẹwàá, D ni ó kà nínú ìwé, A ni mo rí lábẹ́ gíláàsì. A ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀: wọ́n ti họ bébà tó yẹ kó wà níbẹ̀ kúrò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ tó ti pọ́n rúsúrúsú nìkan ló kù lára irin.

Dílálì náà ní àṣìṣe ẹni tó tẹ ìwé ni. Àṣìṣe lè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ kò ní ṣi ìdajì nọ́ńbà tẹ̀. Lójú tèmi, ìwé yẹn lè jẹ́ ojúlówó pátápátá; Corolla mìíràn, tó jẹ́ ọdún 2013 lóòótọ́, ló ni ín. Inú ìyá náà bàjẹ́ nítorí pé ó ti fọkàn sí ọkọ̀ náà, ó dùn mí fún un, ṣùgbọ́n a dá ìwé padà, a sì bá tiwa lọ.

Ti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnì máa ń bàjẹ́, a sì máa ń ra òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ ní ọjà bíi ti Apo, nítorí náà bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, ìyẹn nìkan kò sọ pé wọ́n jí ọkọ̀ náà. Ẹ béèrè rìsíìtì ẹ́ńjìnì tuntun náà, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tó ni ọkọ̀ ti fi tó ọlọ́pàá àti VIO létí. Fún nọ́ńbà ṣaṣí, kò sí irú àlàyé bẹ́ẹ̀.

Ìwé wo ló ń sọ pé ẹnìkan ló ni ọkọ̀?

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo láísẹ́ńsì ọkọ̀, wọ́n á rí orúkọ àti déètì níbẹ̀, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ ilé. Ayálégbé lè máa san owó iná mànàmáná lóṣooṣù, kí rìsíìtì rẹ̀ sì kún inú dúrọ́ọ̀, síbẹ̀ ìyẹn kò sọ ọ́ di onílé. Láísẹ́ńsì ọkọ̀ ń sọ pé wọ́n ti san owó ọdún yìí fún ìjọba kí ọkọ̀ náà lè máa rìn lójú pópó. Ìwé ìyẹ̀wò ọkọ̀, èyí tí à ń pè ní Roadworthiness, ń sọ pé ọkọ̀ náà yẹ ní wíwà lójú pópó, bíréèkì rẹ̀ àti iná rẹ̀ dára. Ìwé ìbánigbófò ń sọ pé bí ọkọ̀ yìí bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, iléeṣẹ́ kan yóò dá sí i. ₦15,000 ni èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ fún ọkọ̀ aládàáni láti oṣù kìíní ọdún 2023. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ẹni tó ni ọkọ̀.

Ìwé tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ìyẹn ni Proof of Ownership, tí orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ṣaṣí máa ń wà lórí rẹ̀. Òun náà kò sì gbọdọ̀ dá dúró. Ó yẹ kí ìtàn ọkọ̀ náà tẹ̀lé e, láti ọwọ́ dé ọwọ́: rìsíìtì tí ẹni tó kó o wọ̀lú fún ẹni àkọ́kọ́, rìsíìtì tí ẹni àkọ́kọ́ fún ẹnì kejì, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró níwájú yín. Bí a ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀ pé ta ni bàbá rẹ̀ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe béèrè níbí. Ibi tí okùn ìtàn náà bá ti já, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ sì wádìí.

Kí ni ti aṣọ́bodè wá ń ṣe níbẹ̀?

Gbogbo ọkọ̀ tó ti òkè òkun wá ló yẹ kó san owó orí ẹrù fún iléeṣẹ́ aṣọ́bodè. Ìwé tó ń fi hàn pé wọ́n san án ni SGD, tí nọ́ńbà ṣaṣí máa ń wà nínú rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá àti rìsíìtì bánkì sì máa ń tẹ̀lé e. Bí wọn kò bá san owó yìí, aṣọ́bodè lè gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá a, yálà òun ló kó o wọlé tàbí òun kọ́.

Fún àwa tí à ń gbé apá àríwá, ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn gan-an. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí. Nítorí náà, bí ẹnìkan ní Katsina, Kano tàbí Kaduna bá sọ fún yín pé ọkọ̀ òun ti Cotonou tàbí orílẹ̀-èdè Niger wọlé lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, tó sì tún fi ìwé aṣọ́bodè hàn yín, ẹ mọ̀ pé nǹkan méjì náà kò lè jọ jẹ́ òótọ́. Ó lè fi ẹ̀dínwó tó jọni lójú bá yín sọ̀rọ̀. Owó orí ẹrù tí kò san ni ó ń pín fún yín yẹn, ẹ̀yin ni yóò sì wà nídìí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a dúró.

Ìwé ọlọ́pàá, CMR, ńkọ́?

CMR jẹ́ àkọsílẹ̀ tí ọlọ́pàá ń tọ́jú nípa ọkọ̀ àti àwọn tó ni wọ́n, kí wọ́n lè mọ ọkọ̀ tí wọ́n jí nígbà tí wọ́n bá rí i. Ẹ wò ó bí ìwé tí ọlọ́dẹ àdúgbò fi ń kọ orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe òun ló sọ ilé di ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí olè bá wọlé, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí. Ohun tó ṣe pàtàkì sí ẹni tó ń ra ọkọ̀ níbí ni ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ ẹnìkan ti fi tó ọlọ́pàá létí pé wọ́n jí ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà ṣaṣí yìí? Èyí tó ju ìyẹn lọ nínú àríyànjiyàn ọdún 2024, ọ̀rọ̀ àárín ọlọ́pàá àti àwọn tó ti ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Níbo ni a ti ń wádìí?

Bébà tí dílálì kó fún yín, ọ̀rọ̀ ẹnu dílálì náà ni títí iléeṣẹ́ tó gbé e jáde yóò fi jẹ́rìí sí i. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní gbogbo ojú ọ̀nà báyìí, òǹtẹ̀ sì rọrùn láti gbẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ: ẹ má ṣe bi ìwé léèrè, iléeṣẹ́ tó ni ìwé ni kí ẹ bi.

Ti nọ́ńbà ọkọ̀ ló rọrùn jù. Lórí ìkànnì FRSC, nvis.frsc.gov.ng, ẹ lè tẹ nọ́ńbà náà sí i láti rí irú ọkọ̀ tí wọ́n fi fún. Bí ó bá ní Camry dúdú, tí Sienna funfun sì wà níwájú yín, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀dà Proof of Ownership àti láísẹ́ńsì lọ sí ọ́fíìsì tó fi wọ́n fúnni. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti Àbújá, DRTS ni, tí oríléeṣẹ́ wọn wà ní Mabushi. Bí wọ́n bá gba nọ́ńbà rẹ̀ ní Kaduna tàbí Niger, ìpínlẹ̀ náà ni ẹ ó ti béèrè, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà jìn jù. Aṣọ́bodè lè bá yín fi nọ́ńbà ṣaṣí yẹ owó orí ẹrù wò, ọlọ́pàá sì lè sọ bóyá wọ́n ń wá ọkọ̀ náà. Ìwé ìbánigbófò ṣe é yẹ̀ wò lórí askniid.org.

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá yín lọ, kí ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ lóòótọ́ lè ráhùn pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò, ṣùgbọ́n yóò tẹ̀lé yín. Ẹni tó bá sọ pé ẹlòmíràn ti ń mú owó bọ̀ láti Jabi, pé kí ẹ yára sanwó kí ẹ tó lọ wádìí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á.

Bí orúkọ inú ìwé kò bá jẹ́ ti ẹni tó ń tà á ńkọ́?

Èyí wọ́pọ̀ gan-an, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀tàn. Dílálì kì í ṣe ẹni tó ni ọjà, aṣojú ni. Ẹ ní kí ó fi ẹni tó rán an hàn yín, kí ẹ rí i lójúkojú pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó mú ìwé àṣẹ tí ẹni náà fọwọ́ sí wá. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ti kú, ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ kò lè dá tà á nítorí pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga ló ń fún àwọn tí yóò máa bójú tó ogún ní ìwé àṣẹ, ìwé yẹn ni kí ẹ sì béèrè. A mọ bí ọ̀rọ̀ ogún ṣe máa ń rí láàárín wa. Ọkọ̀ tí ẹ rà lọ́wọ́ Táíwò lónìí, Kẹ́hìndé lè wá gbé e níwájú ilé yín lọ́la.

Ní Àbújá, a tún máa ń rí ọkọ̀ ìjọba tí wọ́n tà ní gbàǹjo. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà tí wọ́n fi ọkọ̀ náà fún un, tí nọ́ńbà ṣaṣí wà nínú rẹ̀, àti rìsíìtì owó tó san sí àpò ìjọba. Ọ̀rọ̀ pé "ọ̀gá wa ní mínísírì ló fún mi" kò tó.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í rò ni gbèsè. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi owó bánkì ra ọkọ̀ lè fẹ́ tà á kí gbèsè tó parí, bẹ́ẹ̀ bánkì ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ náà. Láti ọdún 2016 ni Bánkì Àpapọ̀ ti dá àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀ fún irú nǹkan wọ̀nyí, ncr.gov.ng, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wádìí bóyá wọ́n ti fi ohun kan dúró fún gbèsè.

Bí mo bá ra ọkọ̀ tí wọ́n jí láìmọ̀ ńkọ́?

Ẹni tí kò ní kò lè fúnni, òfin ọjà títà náà sì gbà bẹ́ẹ̀: olè kò ní ọkọ̀, nítorí náà kò lè tà á di tiyín, bó ti wù kí owó tí ẹ san pọ̀ tó. Ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gba ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin yóò sì máa wá ẹni tó gba owó yín kiri. Èyí tó le jù lọ wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní àríwá àti ní Àbújá, èyí tí à ń pè ní Penal Code. Ó ka gbígba ohun olè sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó mọ̀, tàbí tó ní ìdí tó fi yẹ kó mọ̀. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní ìdajì iye rẹ̀, lóru, láìsí ìwé, ti tó ìdí tó fi yẹ kí ènìyàn fura. Ẹni tó ṣe gbogbo ìwádìí tí mo kà sókè yìí, tó sì tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀, ní ohun tí yóò fi hàn pé òun kò mọ̀.

Báwo ni kí a ṣe sanwó, kí sì ló kù lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ fi owó ránṣẹ́ láti bánkì sí bánkì, sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi sí ti ẹlòmíràn, kí ìdí rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn. Ìwé àdéhùn náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ṣaṣí lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, iye owó, ọjọ́ àti aago tí ẹ gba ọkọ̀, àti ẹlẹ́rìí láti ọ̀tún àti òsì. Aago yẹn kì í ṣe àṣejù, nítorí pé bí ọkọ̀ náà bá ti ṣe ẹnìkan léṣe ní àárọ̀, kí ẹ tó gbà á ní ọ̀sán, ẹ ó nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ yí orúkọ padà ní ọ̀dọ̀ DRTS, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi orúkọ olówó àtijọ́ gun ọkọ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n lè fi owó pamọ́. Bí wọ́n bá wá fẹ́ tà á, ẹni náà ti lè kó lọ sí òkè òkun tàbí kó ti kú, kò sì sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé mọ́. Lọ́jọ́ tí ìwé tuntun tó ní orúkọ yín bá jáde, ẹ má ṣe kúrò níwájú òṣìṣẹ́ tó fún yín títí ẹ ó fi ka àmì 17 náà sókè, kí ẹ fi wé àwòrán tí ẹ yà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kí wọ́n lè tún èyí tí wọ́n bá ṣì tẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀.